Kábìn Fífúyẹ́ fún Ọkọ̀ Apẹja Kékeré

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀sà àti lójú òkun, ọ̀rọ̀ tiyín ni a fẹ́ sọ lónìí.

Àwọn àgbà máa ń wí pé, òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Apẹja mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju àgbẹ̀ lọ. Bí òjò bá ká àgbẹ̀ mọ́ oko, á sá wọ ahéré. Ṣùgbọ́n ibo ni apẹja yóò sá sí? Omi wà lókè, omi wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja wa, láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́, títí dé etí òkun Ìlàjẹ, ni kò ní òrùlé kankan. Oòrùn ń pa apẹja lọ́sàn-án, òtútù ń mú un lóru. Oúnjẹ rẹ̀ ń rin, aṣọ rẹ̀ ń rin.

Nítorí náà ni ó ṣe ń wu àwọn mìíràn láti kọ́ yàrá kékeré kan sórí ọkọ̀ wọn. Yàrá bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní kábìn. Ó dára kí apẹja ní i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé ayùn. Kábìn tó wúwo lè pa ènìyàn ju òjò lọ. A ó kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó sọ bí a ṣe ń kọ́ èyí tó fúyẹ́.

ÌDÍ TÍ ÌWỌ̀N ÒKÈ FI LÉWU

Ẹ ronú obìnrin kan tó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja. Bí ó bá jókòó, tó sì gbé agbọ̀n sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá dìde dúró, tó sì gbé agbọ̀n ru, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fì. Agbọ̀n kò tóbi sí i. Obìnrin náà kò sanra sí i. Kí ló wá yí padà? Ibi tí ìwọ̀n wà ni ó yí padà. Ìwọ̀n ti kúrò nísàlẹ̀, ó ti gòkè.

Ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ dà bí ọwọ́ tó di ọkọ̀ mú. Bí ìgbì bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ á fa ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ìwọ̀n tó wà lókè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ̀n òkè á tún máa tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà. Bí ìwọ̀n òkè bá ju ohun tí ọkọ̀ lè gbà lọ, ọkọ̀ kò ní padà mọ́. Á dojú dé.

Atẹ́gùn náà ń bẹ níbẹ̀. Bí ògiri kábìn bá ṣe ga tó ni atẹ́gùn ṣe ń rí ibi tì tó. Nítorí náà, òfin méjì ni kábìn ọkọ̀ kékeré ní: kí ó fúyẹ́, kí ó sì rẹlẹ̀. Gbogbo ohun tí a ó sọ láti ìsinsìnyí lọ, abẹ́ òfin méjì yìí ni ó wà.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 láàárín. A fẹ́ kọ́ kábìn sí apá iwájú, níbi tí ọkọ̀ ti fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Kábìn náà á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Á ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 láti etí ọkọ̀ lọ sókè.

Ẹ má sọ pé ó ti kúrú jù. Inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jìn. Bí ẹ bá jókòó sórí pákó ìsàlẹ̀, orí yín kò ní kan òrùlé. Jíjókòó àti sísùn ni a ṣe kábìn ọkọ̀ kékeré fún, a kò ṣe é fún ìdúró.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 36. Ògiri iwájú jẹ́ 15. Òrùlé jẹ́ 30. Ẹ̀yìn kábìn kò ní ògiri. A ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Ìyẹn tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 7½. Ó kù kí a wọ̀n ọ́n:

Bí a bá fi pákó ìrókò tó nípọn ní íǹṣì ¾ kọ́ ọ, á wọn bíi kílò 95. A kò tíì ka igi ìdábùú mọ́ ọn.

Bí a bá fi pláíwúùdù tó nípọn ní íǹṣì ½ kọ́ ọ, á wọn bíi kílò 55. A kò tíì ka igi ìdábùú mọ́ èyí náà.

Bí a bá fi fáíbà kọ́ ọ, pẹ̀lú fóòmù líle láàárín, á wọn bíi kílò 40. Kò sí igi ìdábùú tí a tún fẹ́ fi kún un.

Ẹ ẹ̀ rí i? Kílò 95 ju ìwọ̀n ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin lọ. Ẹni tó fi pákó kọ́ kábìn ti gbé ọkùnrin sísanra kan jókòó sókè ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ní sọ̀kalẹ̀ láé, kò sì ní bá a fa àwọ̀n.

KÍ NI FÁÍBÀ ÀTI FÓÒMÙ YÌÍ?

Ẹ mú pòròpórò àgbàdo gbígbẹ kan lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Èèpo rẹ̀ tínrín, ṣùgbọ́n ó le. Inú rẹ̀ fúyẹ́, ó rọ̀, ẹ lè fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá bó èèpo náà nìkan, kíá ni ẹ ó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá yọ inú rẹ̀ nìkan, kíá ni ẹ ó ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí méjèèjì wà pọ̀, pòròpórò lè dúró nínú oko kí ó gbé àgbàdo, kí afẹ́fẹ́ máa mì í, kí ó má sì ṣẹ́.

Bí a ṣe ń kọ́ kábìn fífúyẹ́ nìyẹn. Fáíbà ni èèpo. Fóòmù ni inú. Iṣẹ́ fóòmù ni pé kí ó má jẹ́ kí èèpo òde àti èèpo inú súnmọ́ ara wọn. Ìnípọn ni ó ń fún pákó lágbára láti má tẹ̀. Bí ẹ bá sọ pákó kan di ìlọ́po méjì ní ìnípọn, yóò le ní títẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Fóòmù ń fún wa ní ìnípọn, kò sì fún wa ní ìwọ̀n. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò jù báyẹn lọ.

Fáíbà jẹ́ díńgí tí wọ́n yọ́ nínú iná, tí wọ́n sì fà bí òwú tínrín. Wọ́n ń kó òwú náà pọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ bí ẹní. Ẹní yìí ni a ń pè ní máàtì fáíbà. Bí a bá fi résìn rin ín, tí résìn sì gan, á le bí igi. Ẹ ti rí i rí. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò ní Èkó. Àwọn tí ń tún ara mọ́tò ṣe náà ń lò ó.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tàná. Ní ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfúrufú kan kọ́kọ́ fò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sọ ọ́ ní Mosquito, ìyẹn ẹ̀fọn. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀: pláíwúùdù tínrín lóde, pláíwúùdù tínrín nínú, igi balsa tó fúyẹ́ láàárín. Pòròpórò náà nìyẹn! Ní ọdún 1942, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Ray Greene fi fáíbà àti résìn ṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti tàn ká ayé.

OHUN TÍ Ẹ Ó RÀ

Fún kábìn tí a ṣírò yìí, ẹ ó nílò àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Máàtì fáíbà tí mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ wọn gíráàmù 450. Mítà onígun mẹ́rin 18 tó. Ìyẹn jẹ́ bíi kílò 8.

2. Résìn bíi kílò 20. Ẹ rántí ìwọ̀n yìí: fún kílò fáíbà kan, kílò résìn 2½. Résìn tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí iṣẹ́ lágbára. Ńṣe ló ń mú un wúwo, tó sì ń mú un ya wẹ́rẹ́.

3. Kátálísì. Omi inú ìgò kékeré ni. Òun ni ó ń mú résìn gan.

4. Fóòmù líle tó nípọn ní íǹṣì ½, tó máa kárí mítà onígun mẹ́rin 7½.

5. Pláíwúùdù díẹ̀ tó nípọn bíi ti fóòmù, fún ibi tí bóòtù máa gbà kọjá.

6. Bóòtù tí kì í dípẹtà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ àti wáṣà ńlá.

7. Búrọ́ọ̀ṣì, rólà kékeré, òṣùwọ̀n, ọ̀rá fífẹ̀, sáńdípépà, ìbọ̀wọ́, ìbòmú, àti awò tó bo ojú.

Ẹ fiyè sí fóòmù o. Fóòmù tímùtímù kò dára. Á mu résìn bí kàn-ìn-kàn-ìn ṣe ń mu omi, á sì wúwo. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí kò dára rárá. Résìn yìí á yọ́ ọ bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Fóòmù líle, tí omi kì í wọ̀, ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó san owó púpọ̀, ẹ gba ègé kékeré kan, kí ẹ ta résìn sí i, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí kò bá yọ́, ẹ rà á.

ÌṢỌ́RA NI OÒGÙN

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ohun èlò yìí wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n léwu fún ẹni tí kò bá ṣọ́ra.

Máàtì fáíbà máa ń yún ni bí wèrèpè. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń fi ayùn gé fáíbà tó ti gan, tàbí tí ẹ ń fi sáńdípépà ha á, ẹ bo imú, ẹ bo ẹnu, ẹ bo ojú.

Kátálísì lè fọ́ ojú ènìyàn. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ẹ da omi tó mọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjà, wọ́n lè fún yín ní ìgò kejì tí wọ́n ń pè ní asẹ́lérétọ̀. Òun ni ó ń mú kí résìn tètè gan. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ kò gbọdọ̀ da kátálísì àti asẹ́lérétọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn láìsí résìn. Wọ́n lè bú gbàù bí ìbọn. Ẹ kọ́kọ́ da asẹ́lérétọ̀ sínú résìn, kí ẹ rò ó pọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó da kátálísì sí i. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá asẹ́lérétọ̀ ti wà nínú résìn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ má fi òmíràn kún un.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ ibòji. Òórùn résìn máa ń mú orí fọ́, ó sì máa ń gbiná. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí iná ìdáná nítòsí. Kí àwọn ọmọdé jìnnà. Résìn tó bá ṣẹ́kù nínú ike, ẹ gbé e sórí iyanrìn níta. Bí ó bá ń gan, ó máa ń gbóná, ó tilẹ̀ lè rú èéfín.

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ má ṣe da ohunkóhun pọ̀ láì ka ohun tí a kọ sára agolo. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pe ọmọ ilé ìwé kan kí ó kà á fún yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀

Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. A ó pín iṣẹ́ yìí sí ìgbésẹ̀ méje.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ dán ọkọ̀ wò. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Lítà omi kan wọn kílò kan. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi wọn bíi kílò 25. Ẹ fi igi kan àga gíga sí ibi tí kábìn yóò wà, kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 láti etí ọkọ̀ lọ sókè. Ẹ wa ọkọ̀ sí ibi tí omi kò ti ju àyà lọ, nígbà tí omi bá dákẹ́. Kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó.

Kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì sí i, ẹ mi ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo bí ó ṣe ń padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so kẹ́ẹ̀gì méjì mọ́ orí àga náà, kí omi kún wọn dé ẹnu kí ó má baà máa jì nínú wọn. Ẹ tún mi ọkọ̀. Bí ó bá ṣì ń yára padà, ó dára. Bí ó bá ń lọ́ra padà bí ẹni tí oorun ń kùn, ewu ni. Ọkọ̀ náà kò lè gbé kábìn. Ẹ ta aṣọ tapólì sí i fún òjò, kí ẹ sì dúpẹ́ pé ẹ mọ̀ kí ó tó dé ojú òkun.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi páálí ṣe àwòṣe. Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sórí ọkọ̀. Ẹ jókòó sínú rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ di ẹ́ńjìnnì mú nídìí ọkọ̀ lè rí iwájú kọjá òrùlé? Ṣé ẹ lè dé ibi tí ìdákọ̀ró wà? Páálí kò wọ́n. Ẹ gé e títí yóò fi bá ọkọ̀ mu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gé fóòmù. Ẹ fi páálí náà ṣe ìwọ̀n. Ẹ gé ojú fèrèsé kúrò. Níbi gbogbo tí bóòtù yóò gbà kọjá, ẹ yọ fóòmù kúrò, kí ẹ fi pláíwúùdù dípò rẹ̀. Ìdí ni pé fóòmù kò lè gba ìfúnpọ̀ bóòtù. Bí ẹ bá fún bóòtù mọ́ ọn, á fọ́ nínú, omi á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi fáíbà wọ fóòmù láṣọ. Ẹ wá tábìlì fífẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀. Résìn kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ tẹ́ fóòmù sí i. Ẹ gé máàtì sílẹ̀ kí ẹ tó po résìn, torí pé résìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má po ju kílò kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kátálísì gíráàmù 10 sábà máa ń tó kílò résìn kan, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sára agolo ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun résìn sórí fóòmù, ẹ tẹ́ máàtì lé e, ẹ tún fi résìn rin ín. Ẹ fi rólà tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde. Máàtì funfun ni. Bí résìn bá rin ín dáadáa, á mọ́ gaara. Ibi tó bá ṣì funfun, résìn kò dé ibẹ̀. Ibi tí résìn bá gbára jọ bí adágún, ẹ gbọ́n ọn kúrò. Ìwọ̀n lásán ni. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ìrì bá wà lára fóòmù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Òrùlé. Òrùlé tó tẹ́jú pẹrẹsẹ máa ń gba omi dúró, omi sì wúwo. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ṣe ọrùn, kí àárín wọn fi íǹṣì 2 ga ju etí wọn lọ. Ẹ tẹ fóòmù lé wọn lórí kí ó lè tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó fi fáíbà wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó bá gan, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe wà títí. Ẹ yọ àwọn igi náà kúrò kí ẹ tó wọ inú rẹ̀ ní fáíbà. Omi òjò á máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, kò ní dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé àwọn ògiri dúró, kí ẹ fi okùn dì wọ́n. Fáíbà kì í fẹ́ tẹ̀ ní igun mímú. Nítorí náà, ẹ po résìn mọ́ ìyẹ̀fun igi tó kúnná títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, kí ẹ fi dí inú igun, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á kí ó rí róbótó. Ẹ fi sáńdípépà ha igun òde náà kí ó má mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máàtì tó fẹ̀ ní íǹṣì 6 bo ojú ìsopọ̀ nínú àti lóde, íǹṣì 3 sí apá ọ̀tún, íǹṣì 3 sí apá òsì. Ẹ fi fáíbà pa gbogbo etí fóòmù dé, títí kan ojú fèrèsé. Omi tó bá wọ inú kì í jáde mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni á máa sọ kábìn fífúyẹ́ di wúwo.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé e sórí ọkọ̀. Ènìyàn méjì lè gbé e. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé résìn nìkan láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ onípákó, torí pé résìn kì í di igi tútù tàbí igi tó ní epo lára mú dáadáa. Bóòtù ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ́ rọ́bà sáàárín kábìn àti etí ọkọ̀, kí ẹ fi wáṣà ńlá sí abẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi résìn kun inú gbogbo ihò kí ẹ tó ti bóòtù bọ̀ ọ́. Níkẹyìn, ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun. Oòrùn máa ń ba résìn tí kò ní ọ̀dà jẹ́, ọ̀dà dúdú sì máa ń fa ooru.

Ẹ JẸ́ KÍ Ọ̀NÀ ÀBÁYỌ WÀ

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Ẹ̀yin wọ̀nyí, kí ló dé tí ẹ kò fi ògiri sí ẹ̀yìn? Òjò á wọlé!” Òótọ́ ni, díẹ̀ á wọlé. Ẹ ta aṣọ tapólì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tó wà nínú yàrá tí a tì pa kò ní rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀wù amúniléfòó tó wọ̀ gan-an á gbé e lẹ̀ mọ́ òkè, kò ní lè rì sísàlẹ̀ láti gba ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ̀yìn kábìn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ tún ṣe fèrèsé kan sí iwájú tí ẹni tó sanra jù nínú yín lè gbà jáde. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n o. Kí ẹni náà gbà á kọjá kí gbogbo yín rí i. Nígbà tí ìjì bá le, kí ẹnikẹ́ni má sùn nínú kábìn.

Ẹ má gbé epo bẹntiróòlù sínú rẹ̀. Òórùn epo náà wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, á sì máa dúró de iná. Ẹ má sì gbé ìkòkò iná èédú wọ ibẹ̀ nítorí òtútù. Májèlé kan wà nínú èéfín èédú tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun.

ÒRÙLÉ KÌ Í ṢE ÀJÀ

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí kábìn bá ti wà lórí ọkọ̀, òrùlé rẹ̀ á máa wu ènìyàn. Lónìí, wọ́n á kó àwọ̀n sí i. Lọ́la, wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan á gùn ún kí ó lè rí ibi tí ẹja wà. Àwọ̀n tútù wúwo gan-an. Kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ kílò 25. Ọmọkùnrin náà lè tó kílò 60. Gbogbo ìwọ̀n tí a fi owó àti òógùn wa dín kù ti padà sókè, ó tilẹ̀ ti lé.

Ẹ bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sọ ọ́. Ẹ bá ìyàwó àti ọmọ yín sọ ọ́. Ẹ ti mọ ìwé kọ. Ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára kábìn náà: MÁ GBÉ ẸRÙ SÍBÍ. Ẹrù ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Lóṣooṣù, ẹ yẹ kábìn wò. Ẹ fi ìka kan gbogbo ara rẹ̀. Ibi tó bá ń dún “kó, kó” dára. Ibi tó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, fáíbà ti ń ṣí kúrò lára fóòmù níbẹ̀. Ẹ gé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tún un ṣe kí omi tó wọ̀ ọ́. Ẹ tún fún gbogbo bóòtù tó bá tú.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí, apẹja á rí ibi sá sí nígbà tí òjò bá dé. Á jẹ oúnjẹ gbígbẹ, á sùn díẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á sì tún máa padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí ìgbì bá tì í.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ bí a bá gbé ìwọ̀n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè?
2. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 mẹ́ta yóò wọn kílò mélòó?
3. Apá wo nínú pòròpórò ni ó dà bí fáíbà? Apá wo ni ó dà bí fóòmù?
4. Ohun méjì wo ni a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ara wọn láìsí résìn?
5. Kí ni ìdí tí ẹ̀yìn kábìn fi gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀?
6. Ẹ kọ orúkọ ohun mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ wà lórí òrùlé kábìn.